Òkúta tó ń mí: ọ̀rọ̀ jéèdì àwọn Maya

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ òkúta ni mo gbé wá lónìí, òkúta aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní jéèdì, èyí tí àwọn Maya ayé àtijọ́ gbẹ́ sí ìlẹ̀kẹ̀, sí yẹtí, sí ìbòjú ọba, ní ilẹ̀ tó ti di gúúsù Mẹ́síkò, Guatemala, Belize àti apá kan Honduras àti El Salvador báyìí. Ibi tí mo bá ti kà nípa ẹ̀, gbólóhùn kan náà ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, pé jéèdì ni wúrà àwọn Maya. Mi ò gbà. Wúrà, èèyàn lè tì í mọ́ inú àpótí kó sì máa yọ̀ pé òun lówó. Jéèdì tiwọn yìí, ẹ wo ibi tí wọ́n ń fi í sí ná: ẹnu òkú, eyín alààyè, ihò etí, oókan àyà ọba, abẹ́ ìpìlẹ̀ ilé òrìṣà, ìsàlẹ̀ omi jíjìn. Ohun tó ń mí ni wọ́n kà á sí, ohun tó ní ẹ̀mí tiẹ̀, tó lè gba èémí ẹlòmíì mọ́ra, tó sì lè kú. Ibẹ̀ ni mo ń mú yín lọ, ẹ fara balẹ̀, ó máa gùn díẹ̀.

Èmi, ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń sín fún ìyàwó àti fún àwọn tó ń joyè, iyùn, sẹ̀gi, èyí tó bá ṣáà wá, torí náà tí mo bá rí fọ́tò ìlẹ̀kẹ̀ ibikíbi láyé, ihò ẹ̀ ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ. Ihò ìlẹ̀kẹ̀ jéèdì àwọn Maya sábà máa ń fẹ̀ lẹ́nu níhìn-ín, á fẹ̀ lẹ́nu lọ́hùn-ún, á wá rí tín-ín-rín láàárín. Ẹgbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ti lu ú wá, tí ihò méjèèjì wá pàdé nínú òkúta. Kí ihò méjì pàdé ara wọn nínú òkúta tó le báyẹn, láìsí irin, láìsí ẹ̀rọ kankan, háà, ọwọ́ àwọn èèyàn yẹn mọ iṣẹ́ o.

Torí òkúta yìí le. Oríṣi méjì là ń pè ní jéèdì, nephrite àti jadeite. Nephrite ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ará Ṣáínà ń gbẹ́ láti ayé àtijọ́, jadeite ni ti àwọn Maya, líle ẹ̀ wà láàárín 6.5 sí 7 lórí òṣùwọ̀n Mohs, ọ̀bẹ irin tí a fi ń gé ẹran ní kíṣìnì ò lè ha á lára. Kí wá ni wọ́n fi gé e? Okùn, yanrìn àti omi. Wọ́n á da yanrìn líle sórí òkúta, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á máa fa okùn lórí ẹ̀, síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn, títí okùn á fi já, wọ́n á mú òmíì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Yanrìn yẹn ló ń jẹ òkúta, okùn kàn ń gbé e lọ gbé e bọ̀ ni. Tí wọ́n bá fẹ́ là á sí pẹlẹbẹ, wọ́n á gé e wá láti ìhín, wọ́n á gé e wá láti ọ̀hún, nígbà tó bá ku díẹ̀ kó já, wọ́n á kàn ṣẹ́ ẹ, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí ilà ṣákaṣàka kan lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn tí wọn ò yọ́ kúrò. Ihò ní tiẹ̀, esùsú tàbí egungun ẹyẹ tó ní ihò nínú ni wọ́n fi ń lu ú, wọ́n á máa yí i lórí yanrìn tútù. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ni wọ́n á wá máa fi ìyẹ̀fun òkúta tó kúnná kùn ún títí á fi máa dán bí ojú omi.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Cancuén, létí odò Pasión ní Guatemala, àwọn awalẹ̀pìtàn tí Arthur Demarest ṣáájú wọn ló wú u síta, wọ́n bá ibi iṣẹ́ jéèdì níbẹ̀, òkúta tí wọ́n ti gé díẹ̀ lára ẹ̀, àfọ́kù, oríṣiríṣi. Brigitte Kovacevich tó yẹ iṣẹ́ ibẹ̀ wò fínnífínní rí i pé ilé mẹ̀kúnnù ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, fífọ́, gígé, lílu ihò, ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan fífín ojú àti àwòrán sí i, ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́lá ló ń lọ. Ìyẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tí apá ń ro, tí ìyẹ̀fun òkúta ń wọ̀ sí imú, òun kọ́ ló máa fi àwòrán sí i, òun kọ́ ló sì máa wọ èyí tó dára jù.

Ibi tí òkúta náà ti ń wá, ẹyọ kan ṣoṣo la mọ̀ ní gbogbo agbègbè yẹn, àfonífojì odò Motagua ní Guatemala. Ibẹ̀ ni pẹpẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà Àríwá àti pẹpẹ ilẹ̀ Karíbíà ti ń fara gbo ara wọn lábẹ́ ilẹ̀, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ńlá abẹ́ ilẹ̀ yẹn ló bí jéèdì. Nígbà tí àwọn ará Sípéènì dé, wúrà ni wọ́n ń wá, wọn ò ka òkúta aláwọ̀ ewé sí, iṣẹ́ náà kú díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn sì gbàgbé ibi tí wọ́n ti ń kó o, débi pé láyé àwọn bàbá ńlá wa, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Yúróòpù ń jiyàn pé bóyá láti Éṣíà ni wọ́n ti gbé e wá. Inú àwọn ọdún 1950 ni wọ́n tó tún rí i ní Motagua, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1970, tọkọtaya kan, Jay àti Mary Lou Ridinger, wá a kiri títí wọ́n fi rí i, wọ́n dá iṣẹ́ gbígbẹ́ ẹ sílẹ̀ padà ní ìlú Antigua Guatemala. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjì Mitch jà ní 1998, àgbàrá wọ́ ilẹ̀ lọ, òkúta jéèdì ńláńlá bá yọjú láti inú òkè, títí kan èyí tó ní àwọ̀ búlúù tí àwọn Olmec, tó ṣáájú àwọn Maya, fẹ́ràn jù.

Ó yá, ọ̀rọ̀ èémí.

Àwọ̀ ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀. Àwọ̀ ewé àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, àwọ̀ omi, àwọ̀ ìyẹ́ ẹyẹ quetzal. Àgbàdo kì í ṣe oúnjẹ lásán fún àwọn Maya, nínú ìtàn ìṣẹ̀dá àwọn Maya K'iche', àgbàdo gan-an ni àwọn òrìṣà fi mọ ẹran ara èèyàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi amọ̀ àti igi gbìyànjú tí kò bọ́ sí i. Òrìṣà àgbàdo nínú àwòrán wọn, ọ̀dọ́kùnrin arẹwà ni, jéèdì ló máa ń wọ̀ láti ọrùn dé ìdí. Tí wọ́n bá sì pín ayé sí igun mẹ́rin, ìlà oòrùn jẹ́ pupa, àríwá funfun, ìwọ̀ oòrùn dúdú, gúúsù yẹ́lò, àárín gbùngbùn ló ní àwọ̀ ewé, igi tó sì dúró láàárín yẹn, igi àràbà ni, àràbà tí àwa náà mọ̀ nílé gẹ́lẹ́, Ceiba pentandra. Torí náà ẹni tó bá fi jéèdì sí oókan àyà, àárín ayé ló gbé kọ́rùn yẹn.

Àwọn Nahua tó wà ní àárín Mẹ́síkò, tí àwọn náà ń lo òkúta yìí, ṣàlàyé ohun kan fún fáda Bernardino de Sahagún ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún tí mo fẹ́ràn gidi. Wọ́n ní àwọn tó mọ̀ ọ́n wá máa ń jáde ní ìdájí, wọ́n á kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, tí oòrùn bá ti ń yọ báyìí wọ́n á máa wo ilẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti rí èéfín tútù fẹ́lẹ́ tó ń rú, abẹ́ ibẹ̀ ni òkúta iyebíye wà, èémí ẹ̀ ló ń jáde yẹn. Wọ́n ní koríko orí ẹ̀ náà kì í gbẹ, tútù ló máa ń wà. Ẹ ò rí i pé àti inú ilẹ̀ ló ti ń mí, kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ẹ rárá.

Àwọn Maya náà ò fi pamọ́. Ẹ wo àwòrán àwọn ọba wọn lára òkúta, níwájú ihò imú wọn ẹ máa rí ìlẹ̀kẹ̀ róbótó kan tó dá dúró sínú afẹ́fẹ́, kò so mọ́ nǹkan kan. Èémí ni. Yẹtí ńlá tí wọ́n fi ń há ihò etí, bí òdòdó tó là ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ, èémí ló sì ń jáde láti àárín òdòdó yẹn nínú àwòrán. Àmì kan wà nínú ìkọ̀wé wọn tí wọ́n ń pè ní ik', ó jọ lẹ́tà T, afẹ́fẹ́ ni, èémí ni, ìwàláàyè sì ni. Nínú ààfin Palenque ní Mẹ́síkò, wọ́n gbẹ́ fèrèsé ògiri sí T yẹn, kí atẹ́gùn máa gba inú orúkọ ara ẹ̀ wọlé.

Palenque yìí náà ni K'inich Janaab' Pakal ti jọba. Ọmọ ọdún 12 ni wọ́n fi jọba ní 615, ó wà lórí oyè títí di 683 tó fi kú, nígbà tó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Alberto Ruz Lhuillier, awalẹ̀pìtàn Mẹ́síkò, ló ṣàkíyèsí ní 1948 pé òkúta kan nínú ilẹ̀ ilé òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Temple of the Inscriptions ní ihò lára, wọ́n gbé e, àtẹ̀gùn ló wà lábẹ́ ẹ̀, òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ ló sì kún un bámúbámú. Ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń kó o jáde, ó di 1952 kí wọ́n tó dé yàrá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Pósí òkúta ńlá ló wà níbẹ̀, ìdérí ẹ̀ kún fún àwòrán. Nígbà tí wọ́n gbé ìdérí yẹn, ohun pupa tí wọ́n ń pè ní cinnabar ló bo inú ẹ̀, Pakal wà láàárín ẹ̀ tòun ti jéèdì láti orí dé ọwọ́: ìbòjú tí wọ́n fi ègé jéèdì tò sójú ẹ̀, yẹtí, ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ní ọrùn, ìlẹ̀kẹ̀ ní ọrùn ọwọ́ méjèèjì, òrùka ní ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, jéèdì róbótó ní ọwọ́ kan, jéèdì onígun mẹ́rin ní ọwọ́ kejì. Àti ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan nínú ẹnu.

Ìlẹ̀kẹ̀ ẹnu yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo èèyàn ń wo ìbòjú, mo mọ̀, ó rẹwà, ojú funfun ẹ̀ ń wo èèyàn tààrà, ṣùgbọ́n ìbòjú wà fún àwọn tó ń sin ín láti wò. Èyí tó wà nínú ẹnu, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́ láyé, òun nìkan ló ni ín. Fáda Bartolomé de las Casas kọ ọ́ sílẹ̀ nípa àwọn Maya Pokom ní Guatemala pé tí olórí kan bá fẹ́ kú, òkúta iyebíye ni wọ́n máa ń fi sí i lẹ́nu, kó lè gba ẹ̀mí ẹ̀ bó bá ti ń jáde, wọ́n á sì fi òkúta yẹn rọra ra ojú ẹ̀. Ẹ fọkàn yàwòrán ẹni tó dúró tì í tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, tó ní láti mọ ìgbà tí èémí ìkẹyìn ń bọ̀. Ní Yucatán, bíṣọ́ọ̀bù Diego de Landa náà sọ pé àgbàdo lílọ̀ ni wọ́n fi ń kún ẹnu òkú, pẹ̀lú òkúta tí wọ́n ń ná bí owó, kí ebi má baà pa á lọ́hùn-ún. Landa yìí náà ló dáná sun ìwé àwọn Maya ní Maní ní 1562 o, inú mi ò lè dùn sí i láé, àmọ́ ohun tó kọ yìí wúlò, kò sì tako ti las Casas lójú tèmi, àgbàdo ń bọ́ ara, jéèdì ń di èémí mú.

Àwọn alààyè náà ń fi í sẹ́nu ṣá. Wọ́n máa ń lu ihò kékeré síwájú eyín iwájú, wọ́n á yọ́ jéèdì róbótó tó ṣe wẹ́kú ihò yẹn, wọ́n á fi oje igi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, ọ̀pọ̀ ò tíì yọ kúrò lára eyín tí wọ́n bá nínú sàréè. Àwọn tó yẹ àtè yẹn wò nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní 2022 rí oje oríṣi igi nínú ẹ̀, wọ́n sì ní àwọn míì lára ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn lè gbógun ti kòkòrò. Ẹni tó bá ní jéèdì léyín, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ, gbogbo èémí tó bá mí, ara òkúta yẹn ló gbà jáde.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù lọ, Belize ni wọ́n ti rí i, ìlú àtijọ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Nim Li Punit ní gúúsù. Ní 2015, Geoffrey Braswell àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ láti yunifásítì California ní San Diego bá sàréè kan níbẹ̀ tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 800, jéèdì ìgbáyà kan ló wà nínú ẹ̀, fífẹ̀ ẹ̀ sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà 19, kò sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan, wọ́n gé e sí T, àmì èémí yẹn náà. Lẹ́yìn ẹ̀, níbi tó ń fara kan àyà ẹni tó wọ̀ ọ́, wọ́n fín ọ̀rọ̀ 30 síbẹ̀, ọ̀rọ̀ nípa ọba tó kọ́kọ́ lò ó ní 672. Nínú ìlú yẹn kan náà, òkúta ìrántí méjì wà tí wọ́n ya ọba sí tó ń wọ́n tùràrí sínú iná, jéèdì T yìí sì wà láyà ẹ̀. Tùràrí ń rú, ó ń di kùrukùru, kùrukùru ń di òjò, òjò ń di àgbàdo. Iṣẹ́ jéèdì yẹn nìyẹn, kí ó fẹ́ atẹ́gùn wá. Àwo kan tó wà nínú sàréè náà tún ní ojú òrìṣà afẹ́fẹ́ lára. Braswell rò ó pé ní 800 yẹn, nígbà tí àwọn ìlú Maya ti ń tú káàkiri, ńṣe ni wọ́n gbé e fún ilẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀ fún atẹ́gùn tó ń mú òjò wá. Èmi náà gbà pẹ̀lú ẹ̀. Ẹni tí inú ẹ̀ dùn kì í gbé ohun tí ìran ẹ̀ ti ń lò fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé sínú ilẹ̀.

Belize yìí náà ni èyí tó tóbi jù nínú jéèdì tí àwọn Maya gbẹ́ ti wá, ní Altun Ha. David Pendergast ló rí i ní 1968, orí kan ni, wọ́n ń pè é ní Kinich Ahau, òrìṣà oòrùn, kìlógíráàmù 4.42, gíga ẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 14.9. Ẹ lè ti rí i láìmọ̀, torí ó wà lára owó bébà Belize. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, ó tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà ní Leiden, ní Holland, ló máa ń jẹ́ kí n jókòó wò ó pẹ́: pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n rí ní 1864 nítòsí Puerto Barrios ní Guatemala nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ipa omi. Ọba kan ló dúró níwájú ẹ̀, ẹni tí wọ́n mú lójú ogun wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n kọ ọjọ́ kan sí tó bọ́ sí oṣù September ọdún 320. Ìdí ọba ni wọ́n máa ń so irú wọn kọ́ sí, mẹ́ta mẹ́ta lábẹ́ orí kékeré kan, tí ọba bá ń rìn wọ́n á máa gbára wọn, wọ́n á máa dún. Kí á tó rí ọba, a ti gbọ́ ọ.

Ohun tó lè mí, ó lè kú náà. Ìyẹn ló gbé wa dé Chichén Itzá ní Yucatán. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní odò lójú ilẹ̀, ihò ńláńlá tí omi wà nísàlẹ̀ wọn ló wà, cenote ni wọ́n ń pè é. Èyí tí wọ́n fi ń rúbọ ní Chichén fẹ̀ tó bíi mítà 60, omi ẹ̀ sì jìn sísàlẹ̀ kí ojú tó tó o. Wọ́n ju wúrà sí i, wọ́n ju tùràrí sí i, wọ́n ju èèyàn sí i, wọ́n sì ju jéèdì sí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò kàn jù ú bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sínú iná, wọ́n fọ́ ọ yángá kó tó wọ omi. Wọ́n pa á ni. Wọ́n tú èémí ẹ̀ sílẹ̀ kó lè dé ọ̀dọ̀ òrìṣà òjò. Ẹni tó bá sọ pé wúrà lásán ni jéèdì fún wọn, kí ó wá bá mi ṣàlàyé ìyẹn, kí ló máa mú èèyàn fọ́ ohun tó gba oṣù mélòó kan kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ tán?

Edward Thompson, ará Amẹ́ríkà tó ra ilẹ̀ tí ìlú àtijọ́ náà wà lórí ẹ̀, gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́dò lọ síbẹ̀ láti 1904, ó ń gbá ìsàlẹ̀ omi yẹn sókè, ohun tó rí lọ sí Peabody Museum ní Harvard láìjẹ́ pé Mẹ́síkò gbà á láyè. Mẹ́síkò gbé e dé kóòtù. Wọ́n ti dá díẹ̀ padà fún wọn látìgbà yẹn, kò sì tó lójú tèmi. Ní Peabody, Tatiana Proskouriakoff fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ti àfọ́kù jéèdì yẹn, ó ń to ẹyọ mọ́ ẹyọ títí ojú àti ọwọ́ àwọn ọba fi ń jáde padà, iṣẹ́ náà di ìwé ní 1974. Obìnrin yìí kan náà ló ti wo òkúta ìrántí ìlú Piedras Negras títí tó fi mọ̀, ní 1960, pé ìtàn ìbí àti ìjọba àwọn èèyàn gidi ló wà lára wọn, nígbà tí àwọn àgbà iṣẹ́ ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ àti kàlẹ́ńdà nìkan ni. Nínú jéèdì tó wà nísàlẹ̀ omi Chichén yẹn, ọ̀kan wà tí ìkọ̀wé ara ẹ̀ fi hàn pé Piedras Negras ló ti wá, ìlú tó wà létí odò Usumacinta ní Guatemala, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí Chichén. Bó ṣe rìn débẹ̀, bóyá wọ́n mú un lógun, bóyá wọ́n fi tọrẹ, ó ṣeé ṣe kí àwọn tó jù ú sínú omi mọ̀ pé ohun àwọn ọba àtijọ́ ni.

Mo sọ̀rọ̀ ọba ọba láti òkè, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mẹ̀kúnnù ò fọwọ́ kan jéèdì àfi kó jẹ́ pé wọ́n ń gbẹ́ ẹ fún ẹlòmíì. Ní Joya de Cerén ní El Salvador, abúlé àgbẹ̀ kan tí eérú òkè tó ń yọ iná bò mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 600, Payson Sheets àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bá àáké jéèdì nínú ilé àwọn àgbẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń kó àgbàdo àti iṣẹ́ ọwọ́ lọ ọjà, wọ́n ń rà á. Ní etíkun Belize, ní ibi iṣẹ́ iyọ̀ kan tí òkun ti bò báyìí tó ń jẹ́ Ek Way Nal, Heather McKillop fi tó wa létí ní 2019 pé wọ́n rí irin iṣẹ́ jéèdì kan tí igi tí wọ́n fi dì í mú ṣì wà lára ẹ̀, ẹrẹ̀ àárín igi ẹ̀gbà kò jẹ́ kó jẹrà. Jéèdì tó dára ni o, irú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ọwọ́ àwọn tó ń se iyọ̀ ló wà. Inú mi dùn nígbà tí mo ka ìyẹn. Ẹni tó ń fi jéèdì ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, òun náà mọ bí òkúta yẹn ṣe máa ń tutù lọ́wọ́ kó tó wá móoru díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ sọ, ó sì ń bí mi nínú. Gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí nípa èémí, ibi tí wọ́n ti bá òkúta ló jẹ́ ká mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ pé orí tábìlì oníṣòwò ni a ti rí ìlẹ̀kẹ̀ ẹnu Pakal, ìlẹ̀kẹ̀ kan lásán ni ì bá jẹ́. Àwọn olè tó ń wú sàréè lóru ní Guatemala àti Belize láti ọjọ́ pípẹ́, òkúta nìkan kọ́ ni wọ́n ń jí. Kódà èyí tó ti wọ músíọ́mù ò bọ́ lọ́wọ́ wọn: ní òru Kérésìmesì 1985, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì wọ músíọ́mù ńlá ti Mexico City, wọ́n kó ìbòjú Pakal àti ọ̀pọ̀ nǹkan míì lọ, 1989 ni wọ́n tó rí èyí tó pọ̀ jù gbà padà. Ní Chochkitam, ní àríwá Guatemala, àwọn olè ti gbẹ́ ihò wọ inú píramíìdì kan, wọ́n dúró nígbà tó kù díẹ̀, wọn ò mọ̀. Francisco Estrada-Belli àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wọ ihò olè yẹn, wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀, wọ́n sì bá sàréè ọba kan tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 350. Ègé jéèdì wà nínú ẹ̀, nígbà tí wọ́n tò ó mọ́ra, ìbòjú ló dà. Wọ́n gbé ìròyìn ẹ̀ jáde ní oṣù kìíní 2024. Egungun èèyàn tí wọ́n fín nǹkan sí lára wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n kọ orúkọ ọba sí ọ̀kan, Itzam Kokaj Bahlam, wọ́n sì ya ọba yẹn síbẹ̀, ó gbé orí òrìṣà kan dání, orí yẹn sì jọ ìbòjú jéèdì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò yẹn gan-an. Torí pé olè ò dé ibẹ̀ la fi mọ orúkọ ẹni tó ni ín, tí a sì mọ bó ṣe ń gbé e dání.